Pọ́fà Yín Kọ Oúnjẹ? Ẹ Má Tíì Sáré Lọ Ra Oògùn

Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi. Bí kò bá jẹ́ ará Ìbarà ló pè, á jẹ́ ará Ìdí-Àbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, pọ́fà mi, ẹja tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù yẹn, ò jẹun láti ijẹ́rin. Oògùn wo ni kí n rà?" Èsì mi kì í yí padà: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú pọ́fà tí mo ti bá àwọn èèyàn wò, omi ló ń ṣe é, tàbí eyín. Kòkòrò inú ló ṣìkẹta. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò náà nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀: omi, eyín, ikùn. Ẹni tó bá fo omi dá tó lọ bá oògùn, owó ara rẹ̀ ló fi ń ra wàhálà.

Ṣé àìsàn ni lóòótọ́?

Pọ́fà kì í ṣe adìyẹ tó ń ṣa oúnjẹ kiri látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tó tóbi, tó sì ti dàgbà, bó bá jẹun ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tó o. Bó bá jẹ akàn lánàá tí ikùn rẹ̀ yọ ṣóńṣó, tó wá yí ojú kúrò lónìí, yíyó ló yó. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé délé náà lè má jẹun fún ọjọ́ 3 sí 5. Ilé ló ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n pọ́fà kékeré yẹn, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kò ní ọ̀rá tó máa fi gbààwẹ̀. Bó bá pé ọjọ́ 3 tí kò jẹ, ẹ dìde sí i.

Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì yìí:

- ikùn rẹ̀ ti wọnú, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì ti jìn
- ikùn tó yẹ kó funfun ti di àwọ̀ eérú, kò sì padà sí bó ṣe wà
- ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi
- ó ń lọ sókè sódò níwájú gíláàsì láìsinmi, tàbí ó kàn dùbúlẹ̀ sí igun kan
- ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó gùn bí òwú
- ó ń sáré bá oúnjẹ, ó ń gbé e sẹ́nu, ó sì ń tu ú dànù

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré pẹ̀lú àìjẹun, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ fi sọ́kàn. Eyín ló sábà máa ń fà á.

Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ ná

- ohun ìdánwò omi tó ń wọn amóníà, nitrite àti nitrate, àwọn èròjà tí ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù máa ń dá sílẹ̀ nínú omi (àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ohun èlò fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ sábà máa ń ní in)
- tẹmómítà tó ṣeé rì sínú omi
- bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí ọṣẹ ò kàn rí
- rọ́bà gígùn tí ẹ máa fi fa omi
- ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì
- tọ́ọ̀ṣì
- ìwé àti bírò. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ọjọ́ tó jẹun kẹ́yìn, ohun tó jẹ, omi tí ẹ pààrọ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

1. Ẹ wọn omi kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú tánkì. Amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, nitrate kò sì yẹ kó kọjá mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Omi lè mọ́ gaara lójú kó sì jẹ́ májèlé. Amóníà kì í ní àwọ̀.
2. Ẹ yọ gbogbo àjẹkù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ òkúta àti ìdí fílítà, ibẹ̀ ni edé tó ti jẹrà máa ń há sí.
3. Bí amóníà tàbí nitrite bá hàn, ẹ pààrọ̀ ìdá 30 nínú 100 omi náà lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ tún un ṣe lójoojúmọ́ títí méjèèjì yóò fi di 0. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà.
4. Omi tuntun gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ dọ́gba pẹ̀lú ti inú tánkì. Tẹmómítà ni kí ẹ lò, ẹ má fi ìgúnpá wọn ọ́n bí omi ìwẹ̀ ọmọ.
5. Ẹ fi omi tí ẹ fà jáde nínú tánkì ṣan kànìnkànìn fílítà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ amóníà ń gbé inú kànìnkànìn yẹn. Bí ẹ bá pa wọ́n, ẹ ti pa fílítà.
6. Ẹ tún omi wọ̀n lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi Abẹ́òkúta wá gba kí èèyàn fara balẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní kiloríìnì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Ẹ gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, tàbí kí ẹ lo oògùn tó ń pa kiloríìnì. Omi kànga kò ní kiloríìnì, ṣùgbọ́n bí kànga bá súnmọ́ ṣalángá, nitrate lè ti pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ wọn òun náà. Omi bọ́hòólù, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí atẹ́gùn ráyè wọ inú rẹ̀. Piọ́ wọ́tà kò burú bí ilé bá ti ń jó, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di omi ojoojúmọ́. Ó lè má ní èròjà ilẹ̀ tó tó nínú.

Ẹja mi àkọ́kọ́, omi ló pa á, ọwọ́ mi sì ni. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó yọ, inú mi dùn débi pé mo fọ tánkì látòkè délẹ̀, mo sì rọ omi tuntun kún un, ó ń dán bíi dígí. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹja náà ti wà lókè omi, ìjàgbọ̀n rẹ̀ (ibi tí ẹja fi ń mí) pọ́n bí ata, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun Olúmọ. Kò rí àárọ̀. Nígbà tí mo gbé imú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, òórùn kiloríìnì ṣì ń ta jáde. N kò tún pààrọ̀ omi láìgbóòórùn rẹ̀ mọ́.

*Ọyẹ́ àti iná.* Pọ́fà fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 28 lórí ìwọ̀n Celsius. Lásìkò ọyẹ́, tánkì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdájí, ẹja tí òtútù mú kì í sì rántí oúnjẹ. Ẹ lo hítà. Bí iná bá lọ, ẹ fi aṣọ ìbora wé tánkì yípo, kí ẹ sì jẹ́ kí òkè rẹ̀ máa gba atẹ́gùn. Ẹ má da omi gbígbóná sí i. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ fún ìdajì ọjọ́, ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì ni kí ẹ gbé sí i. Fílítà oníkòkò tó dé pa, ẹ da omi tó ti bà jẹ́ nínú rẹ̀ nù kí ẹ tó tún un tàn; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìdọ̀tí yẹn máa tú padà sára ẹja.

Ṣé omi iyọ̀ ló yẹ kó wà?

Mo fi èyí sọ́tọ̀ nítorí òun ló ti tàn mí jẹ rí. Ẹni tó ta pọ́fà kejì fún mi l'Ékòó búra pé omi lásán ló ń gbé. Irọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá àìsàn tí kò sí.

- Fahaka, ẹja odò tiwa tó wà nínú odò Ọya, tó sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ: omi lásán.
- Pọ́fà kékeré aláwọ̀ ìyeyè láti gúúsù Íńdíà, èyí tó gùn bí ìka ọmọdé: omi lásán.
- Èyí tí àmì bíi 8 wà lẹ́yìn rẹ̀: omi tó níyọ̀ díẹ̀.
- Aláwọ̀ ewé tó ní tótòtó dúdú lẹ́yìn: ó lè fara da omi lásán nígbà tó kéré, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dàgbà ni iyọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbẹ̀yìn lẹ ní, tó sì wà nínú omi lásán, iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún tánkì ẹja ni o, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 2 sínú lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi tó bíi gíráàmù 8 nínú lítà kan; aláwọ̀ ewé á máa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ bó ṣe ń dàgbà. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti pò ó. Ẹ má wọ́n iyọ̀ gbígbẹ lé ẹja lórí.

Eyín: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò

Eyín mẹ́rin ni pọ́fà ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n lẹ̀ pọ̀ bí àgógó ayékòótọ́. Kì í ṣíwọ́ dídàgbà, bí èékánná. Nínú odò, ìkarahun ìgbín àti èèpo akàn ló ń yún un kúrú. Nínú ilé, bó bá jẹ́ ẹja rírọ̀ tàbí ekòló nìkan lẹ ń fún un, eyín á gùn títí ẹnu ò ní lè pa dé tàbí là tán. Ebi ń pa á, ó sì ń wo oúnjẹ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ ju ekòló kékeré kan sí i, kí ẹ tún fún un ní ẹsẹ̀ akàn kan. Ẹja tí eyín rẹ̀ dára máa fọ́ ẹsẹ̀ akàn, kàkà, ẹ máa gbọ́ ọ láti ìta gíláàsì. Bó bá gbé ekòló mì tó sì tu akàn dànù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀ láti iwájú. Eyín òkè tó ti ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ máa hàn kedere.

Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló fi gùn, oúnjẹ oníkarahun lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lè tún un ṣe. Bí ẹnu ò bá là mọ́, gígé ni. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bó bá wá di dandan:

1. Ẹ gbé abọ́ méjì kalẹ̀, kí ẹ bu omi inú tánkì sínú méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sínú ìkejì.
2. Ẹ ra òróró kànáfùrù, òun ló máa kun ẹja lóorun, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn eyín. Ẹ fi omi díẹ̀ gbọ̀n ọ́n nínú ìgò kékeré títí yóò fi funfun bí omi ògì, torí òróró kì í dà pọ̀ mọ́ omi fúnra rẹ̀.
3. Ẹ̀kán òróró 2 sí lítà omi kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú abọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Bí ẹja bá ṣì dúró ṣinṣin, ẹ fi ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kún un. Ẹ má kánjú. Àpọ̀jù rẹ̀ ń pa ẹja.
4. Ẹja máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ìjàgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí kó sì máa pa dé. Bí ìjàgbọ̀n bá dúró, abọ́ kejì lójú ẹsẹ̀!
5. Ẹ fi aṣọ tútù dì í mú. Ẹ fi ohun ìgékánná kékeré gé ṣóńṣó eyín náà díẹ̀, ti òkè ṣáájú. Kò gbọ́dọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 1 lọ lókè omi.
6. Ẹ gbé e sínú abọ́ kejì, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń hó, títí yóò fi lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀.
7. Oúnjẹ rírọ̀ lọ́jọ́ kejì. Akàn lẹ́yìn ọjọ́ 3.

Bó bá fi afẹ́fẹ́ wú nígbà tó wà lókè omi, ẹ rì í padà, kí orí rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ títí yóò fi gùfẹ̀. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀.

Ikùn àti kòkòrò

Ọ̀pọ̀ pọ́fà, inú odò ni wọ́n ti mú wọn, wọ́n sì ń gbé kòkòrò inú bọ̀ láti ibẹ̀. Èyí tó ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, tàbí tó ti kọ oúnjẹ tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dà bí òwú funfun, ẹ fura sí kòkòrò. Ibí nìkan ni mo ti máa ń fara mọ́ oògùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tí ẹ ní. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga omi, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ pín in sí 1,000. Tánkì tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 30, tí omi rẹ̀ ga ní 30, lítà 54 ni. Ẹ yọ ti yanrìn àti òkúta kúrò, ó lè má ju 45 lọ.

Levamisole ló wà fún aràn gbọọrọ, praziquantel fún aràn pẹlẹbẹ, metronidazole sì wà fún àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Ìwọ̀n levamisole tí àwọn olùsìn pọ́fà ń lò jẹ́ mílígíráàmù 2 sí lítà omi kan, fún wákàtí 24, nínú òkùnkùn; lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ìsàlẹ̀ tánkì dáadáa, wọ́n á pààrọ̀ omi púpọ̀, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ṣírò rẹ̀. Pọ́fà kò ní ìpẹ́ bíi ti ẹja yòókù, oògùn tètè ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹ yọ èédú inú fílítà kí ẹ tó fi oògùn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èédú ló máa mu ún.

Bí ẹ ṣe máa fa ojú rẹ̀ mọ́ oúnjẹ

Lẹ́yìn tí omi bá ti dára, ohun tó ń rìn ló máa ń jí pọ́fà. Ojú rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa rí i tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín, tí èkejì sì dojú kọ oúnjẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ekòló tí ẹ ti fọ̀, tàbí tanwíjí láti inú omi òjò tó mọ́ fún pọ́fà kékeré. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé edé tútù, kí ẹ máa mì ín níwájú rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń fi omi aáyù díẹ̀ pa oúnjẹ lára. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí wákàtí 1 bá kọjá tí kò jẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́.

Ní ọjà Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá, edé tútù tó ṣì wà nínú èèpo àti akàn ni kí ẹ béèrè. Kì í ṣe edé gbígbẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí. Ìgbín ọjà náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tó wà láàyè kí ẹ fọ́ ọ fúnra yín. Èyí tí wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù fọ̀ sílẹ̀, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi sè. Fún pọ́fà kékeré, ẹ wá ìgbín omi tí kò ju ẹyinjú rẹ̀ lọ.

Ẹ má wọ odò lọ ṣa ìgbín o, pàápàá ní agbègbè Ìdídò Ọyán (Oyan Dam). Ìgbín omi ibẹ̀ ló ń gbé kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, awọ ẹsẹ̀ èèyàn sì ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Ẹ máa sin ìgbín tiyín nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ díẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí

- Títú kóró tẹtrasáíkílìnì sínú omi. Ó lè pa àwọn kòkòrò inú fílítà, amóníà á sì gbérí lọ́jọ́ kejì.
- Lílo oògùn tí wọ́n ń dà sí àgbá àrọ̀. Awọ àrọ̀ àti ti pọ́fà kì í ṣe ẹgbẹ́.
- Fífín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá tí tánkì wà. Ẹ̀rọ atẹ́gùn máa fa èéfín rẹ̀ wọ inú omi.
- Mímú kí ẹja wú kí àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà á.
- Fífi í sínú tánkì kan náà pẹ̀lú ẹja míì tó ń já oúnjẹ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e lọ

Bí pọ́fà ńlá bá pé ọjọ́ 7 láìjẹun, tí kékeré pé 3, tí omi sì dára, tí eyín ò gùn, ẹ má ṣe dá a wò mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, wà ní Alabata. Ẹ pè ṣáájú láti béèrè ẹni tó ń wo ẹja. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó le, kí ẹja wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ dání, ìgò omi tánkì kan, àti fídíò bó ṣe ń mí tàbí bó ṣe ń tu oúnjẹ dà. Fídíò yẹn wúlò gan-an, torí pọ́fà tó bá dé iwájú dókítà lè ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Bó bá kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sè é fún ajá, ẹ má jù ú sí ibi tí ológbò lè dé. Májèlé lè wà nínú ẹ̀dọ̀, ẹyin àti awọ rẹ̀, iná ìdáná kì í pa á, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ tó sin ín, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.